Fàdìlàt Lẹ́yìn Fèrèsé

Bàbá Lìádì ló kọ́kọ́ sọ pé nǹkan ń jó. Láti ìgbà tí àrùn ẹ̀gbà ti mú wọn lápá ọ̀tún ni ahọ́n wọn ti wúwo, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í tètè yé ẹni tí kò bá gbé lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Fàdìlàt, ọmọ wọn tó ń tọ́jú wọn, gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ó gbé abọ́ ògì tó fi ń bọ́ wọn kalẹ̀, ó sáré lọ sí ilé ìdáná. Ìkòkò ẹ̀wà ti jó dúdú bí èédú, èéfín ti gba gbogbo ibẹ̀. Ojú ń ta á, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ imú rẹ̀ kò gbọ́ òórùn kankan.

Ó ṣí ike irú, ó gbé e sún mọ́ imú. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣí ike kẹrosíìnì, bákan náà ni.

Nígbà kónílé-ó-gbélé yẹn, kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ lórí rédíò ní Ẹ̀rúnmu pé bí èèyàn bá ṣàdédé rí i pé òun kò gbóòórùn mọ́, kó fura sí kòrónà. Wọ́n sì ń tún un sọ pé àwọn arúgbó ni àrùn náà ń tètè mú lọ. Fàdìlàt rántí ọjọ́ tó lọ ra òwú ìránṣọ lọ́jà Olódò, bí àwọn èèyàn ṣe ń fara gbúnra, tí olówùú bọ́ ìbòmú rẹ̀ sí àgbọ̀n tó ń rẹ́rìn-ín.

"Fàdìlàt!" Bàbá pè é láti inú yàrá. "Ògì mi ti ń tutù."

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Kò wọlé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Kí ló dé tí o fi dúró síbẹ̀?"

Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe Títílọpẹ́ lórí fóònù, nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo ìfúnpá Bàbá kí kòrónà tó dé.

"Ẹ má wọ yàrá Bàbá mọ́," nọ́ọ̀sì ní. "A máa wá ṣe àyẹ̀wò fún yín, ṣùgbọ́n títí dìgbà náà, ẹ ṣe bí ẹni tó ti ní in. Ta ló lè bá yín tọ́jú wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n mi nìkan, Bọ̀dá Roheem, ní Alákìá."

"Ẹ pè wọ́n kíákíá. Kí wọ́n bo imú àti ẹnu, kí wọ́n sì fọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan Bàbá."

Bíríkìlà ni Roheem, ọ̀dájú sì kọ́. Iṣu àti gaàrí kò wọ́n nílé bàbá rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí, á kí Bàbá, á yíjú sí ibòmíràn, á sì lọ. Fàdìlàt ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù.

"Mo lè gbé oúnjẹ wá," Roheem ní. "Mo lè wá ẹnì kan tó máa..."

"Ta lẹ máa rí? Ta ló máa wọ ilé tí wọ́n ní kòrónà wà?"

"Fàdìlàt, mi ò lè rí ìhòòhò Bàbá. Ẹni tó ń dá gbé àpò kòkó!"

"Èmi náà ò lè rí i tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ebi ń pa wọ́n." Ó pa fóònù kí ó má baà gbọ́ ẹkún òun.

Roheem dé lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó bo imú, ojú rẹ̀ pọ́n. Fàdìlàt ti kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá tó ti ń ránṣọ lẹ́yìnkùlé. Ó wá dúró lẹ́yìn fèrèsé yàrá Bàbá, ó jìnnà sí i díẹ̀, ó so ìbòmú pinpin.

"Ẹ fi ìrọ̀rí sí wọn lẹ́yìn. Rárá, ẹ jẹ́ kí orí wọn tẹ̀ síwájú."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé bàbá mi?"

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí orí wọn tẹ̀ síwájú."

Bàbá kò la ẹnu gba ògì tí Roheem bù fún wọn. Wọ́n yíjú sí ògiri. "Kí ni mo ṣe fún Fàdìlàt tó fi ń wò mí láti ìta bí àlejò?"

"Àìsàn ni, Bàbá. Mi ò fẹ́ kó ràn yín."

"Mo ti sú ọ. Sọ òótọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra, nítorí àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ́ òótọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ebi borí ìbínú Bàbá, wọ́n gbà kí Roheem fún wọn lógì. Fàdìlàt ti kìlọ̀ pé kí ògì ki kó má baà gba ọ̀nà èémí wọn, ṣùgbọ́n Roheem bu omi là á kó lè tètè tán. Ó bu ṣíbí kíkún. Bàbá wúkọ́, wọ́n tún wúkọ́, ni ikọ́ náà bá dáwọ́ dúró lójijì. Ẹnu wọn là, ohùn kò jáde. Ọwọ́ òsì wọn ń wá nǹkan dì mú nínú afẹ́fẹ́.

"Ẹ tẹ̀ wọ́n síwájú!" Fàdìlàt kígbe. "Ẹ gbá wọn lẹ́yìn!"

Roheem dúró bí ẹni tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fàdìlàt sáré yí ilé ká, ó ti ilẹ̀kùn ṣí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wọ yàrá. Ìbòmú ti já bọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀ níbi eré. Bí ó bá wọlé, ó mọ bó ṣe lè gba Bàbá là. Bí ó bá sì wọlé, èémí rẹ̀ yẹn gan-an lè pa wọ́n.

"Dúró síbẹ̀!" Ohùn Roheem ló jáde bẹ́ẹ̀. "Má wọlé! Mo ti mú wọn!"

Ó ju ṣíbí nù, ó fi apá gbá àyà Bàbá mú, ó tẹ̀ wọ́n síwájú, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ gbá wọn láàárín ẹ̀yìn.

"Ẹ tún gbá wọn! Ẹ má dẹwọ́!"

Ó gbá wọn, ó tún gbá wọn. Nígbẹ̀yìn, ògì tú jáde sára aṣọ Roheem, Bàbá sì fa èémí kan tó dún jáde síta. Roheem jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dì wọ́n mú, omijé rin ìbòmú rẹ̀. "Alihamudulilahi," ló ń wí ṣáá.

Fàdìlàt fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Roheem gbé omi kaná láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó fa kọ́tìnì bo fèrèsé. Fàdìlàt ń gbọ́ ìró omi láti ìta. "Ẹ dijú, Bàbá, ọṣẹ ń bọ̀." Bàbá sọ nǹkan tí Fàdìlàt kò gbọ́, ni Roheem bá bú sẹ́rìn-ín.

Èsì àyẹ̀wò tí nọ́ọ̀sì wá ṣe fún Fàdìlàt jáde: kòrónà ni lóòótọ́. Ibà gbé Fàdìlàt ṣánlẹ̀, bó bá sì dìde lọ gbé omi, á mí hẹlẹhẹlẹ. Wàyí, Roheem ló ń wá sí ẹ̀yìn fèrèsé tirẹ̀. "Ṣé o jẹun? Dá mi lóhùn, jẹ́ kí n gbóhùn rẹ." Lẹ́yìn náà, ara Bàbá gbóná. Roheem wo Fàdìlàt láti òkèèrè, òun náà sì wò ó. Títílọpẹ́ dé nínú aṣọ tó bò ó látòkè délẹ̀, ó ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ ìka Bàbá, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì ṣe àyẹ̀wò kòrónà fún wọn. Ìdúró náà pẹ́ lójú ọmọ méjèèjì. Èsì ẹ̀jẹ̀ ní ibà ẹ̀fọn ni. Nígbà tí èsì kejì dé, tí kò sí kòrónà nínú rẹ̀, Fàdìlàt ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tó dénú.

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì ní ó lè jáde, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́, ó wọlé tọ Bàbá. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́ mú.

"O rù," ni wọ́n wí.

Ó nawọ́ mú abọ́ ògì, ṣùgbọ́n Bàbá mi orí. "Roheem ni kó fún mi. Ìwọ lọ sùn."

Ó dùn ún díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n gba àyè mọ́ni lọ́wọ́. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò yára, kò sì ṣe é bí Fàdìlàt ṣe máa ń ṣe é, àmọ́ Bàbá ń gbé e mì. Fàdìlàt dìde, ó lọ sùn sórí ẹní rẹ̀. Wọ́n kí ìrun Àsárì tán kó tó jí, kò sì sẹ́ni tó pè é.