Òróró tí Àdùnní Ń Dà sí Ẹnu Alùpùpù

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Kọ́lápọ̀ ti alùpùpù bàbá rẹ̀ jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé wọn ní Olówógbowó. Ó ti di ọdún mọ́kànlá tó ti wà níbẹ̀, láti ìgbà tí Olúwa ti pe bàbá sílé. Wọ́n fẹ́ wó ilé náà tún kọ́, àwọn tó ń ra irin àlòkù sì ń bọ̀ lọ́sàn-án.

"Bó bá dún, ó ń bá mi lọ," ni Àdùnní, ìyá rẹ̀, wí. "Bí kò bá dún, kí wọ́n gbé e. Mi ò ní sunkún." Ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú.

Nítorí rẹ̀ ni Kọ́lápọ̀ ṣe pe Bùsàrí, àgbà mẹkáníìkì tó wà ní Apọ́ngbọ̀n. Bùsàrí wò ó, ó mi orí. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà kì í dá irin sí: ìpáàrà ti bo tánkì, ṣéènì ti gan.

"Màmá, ẹ́ńjìnnì yìí á ti há. Òkú ni."

"Òkú tó ti ń rùn gan-an, Olúwa ti jí i rí. Ẹ ṣáà ṣí i."

"Ẹ̀yin onígbàgbọ́ yìí!" Bùsàrí rẹ́rìn-ín, ó mú sípánà, ó tú pulọ́ọ̀gì méjèèjì, àwọn nǹkan kékeré tó ń ṣáná sí epo kí ẹ́ńjìnnì tó lè mí. Wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò, ọ̀rá ń kán lára wọn. Bùsàrí gbóòórùn ọ̀rá náà.

"Kọ́lá, èyí kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò o. Kí lẹ dà síbí?"

Ojú ti Kọ́lápọ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ọdún tuntun, ìyá rẹ̀ a tú pulọ́ọ̀gì náà bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ, a da òróró tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì sínú ihò méjèèjì, a rọra tẹ alùpùpù náà lẹ́ẹ̀kan, a sì dé e padà. Ó ní ẹnu rẹ̀ nìyẹn, àdúrà kì í gba ẹ̀yìn wọlé. Kọ́lápọ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ fi í jọba ni?"

Bùsàrí tan iná fóònù sínú ihò náà.

"Sùbùhánàllàhì. Kọ́lá, wá wò ó."

Ògiri irin inú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ìta ti jẹrà, inú wà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Irun ara Kọ́lápọ̀ dìde.

"Òróró yẹn ló bò ó tí iyọ̀ ọ̀sà ò fi rí i jẹ," ni Bùsàrí wí. "Àwa mẹkáníìkì náà máa ń ṣe é. Ta ló kọ́ yín, Màmá?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ti òróró. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run kó bá mi tọ́jú ẹ̀ ni."

Bùsàrí fọ ojú ọ̀nà epo, ó bu bẹntiróòlù tuntun sí i. Ó so pulọ́ọ̀gì tuntun mọ́ wáyà, ó gbé e ti ara ẹ́ńjìnnì, ó tẹ̀ ẹ́. Iná aláwọ̀ ojú ọ̀run fò lẹ́nu rẹ̀, kékeré bí ojú abẹ́rẹ́. "Háà!" ni Àdùnní wí.

Bùsàrí wá fi pulọ́ọ̀gì tuntun dé ihò méjèèjì padà. Ó tẹ̀ ẹ́: kò dún. Ó tún un tẹ̀: ó húkọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni èéfín funfun tú bo àgbàlá, olóòórùn òróró gbígbóná, alùpùpù náà sì ń ké bí ọmọ tuntun. Bùsàrí ṣí fìlà. Àdùnní gbé ọwọ́ lé tánkì, bí ẹni ń súre fún ọmọ.

Àwọn oníirin ti dé ẹnu ọ̀nà. "Òkú alùpùpù yẹn dà?"

"Ẹ má bínú," ni Kọ́lápọ̀ dáhùn láàárín èéfín. "Ó ti jí."