Ìrẹsì Ẹni Tí Kò Bímọ

Èmi tí ẹ ń wò yìí, orin ni mo fi ń jí. Mo ń fọnu, mo ń kọrin. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ń kọrin. Ìwé kẹta ni mo kà dé, ṣùgbọ́n orin, háà, Ọlọ́run bù ú fún mi kún ọwọ́. Inú mi ń dùn bí mo ṣe jókòó yìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìtìjú ni mo fẹ́ sọ.

Ilé Olútáyọ̀ ni mo ń gbé, ní Egbeda. Òun nìkan ni mo bí. Àràárọ̀ ló ń wọ táì lọ síbi iṣẹ́, ó ní wọn ò tíì san owó oṣù. Tíṣà ni Fọláṣadé ìyàwó rẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti kéré, á ní òun ń gbààwẹ̀. Ààwẹ̀ wo ni kì í tán? Tìmílẹ́yìn ọmọ wọn ò béèrè ẹran mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà! Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ni mo bá gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́nà Ìdímù ń fún àwọn opó tí kò bímọ ní ìrẹsì. Opó ṣá ni mí. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ òótọ́, àbí?

Mo wé gèlè wálẹ̀ síwájú orí, mo lọ tò. Nígbà tó kàn mí, Hope, ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ, béèrè pé, "Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

"Mi ò bí rárá."

"Ẹ ò ní ẹnì kankan?"

"Èmi nìkan ni mo wà."

Ẹnu mi ò tíì padé tí ẹnì kan fi sọ àpò ìrẹsì kalẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, gbìì! Mo gbójú sókè. Olútáyọ̀ ni. Táì rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò, eruku àpò ìrẹsì ti sọ ọrùn rẹ̀ di funfun. Àṣé ẹrù ló ń rù.

A wo ara wa. Ó bu ìrẹsì sínú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Màmá, ẹ gbà."

Ilẹ̀ ìbá lanu, ǹ bá kó sí i. Orin tí mo fi ń pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ló jáde lẹ́nu mi:

*Àjàní mi, má sùn sílẹ̀,*
*Ẹ̀yìn mi ni ibùsùn rẹ.*
*Ẹni tó bá ní mi ò ní,*
*Kó wá wo ẹ̀yìn mi.*

Gbogbo èrò yíjú sí wa.

"Màmá, ẹ dákẹ́ jàre, wọ́n ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò." Mo gbé ìrẹsì padà sórí tábìlì. "Hope, pa orúkọ mi rẹ́. Irọ́ ni mo pa. Ọmọ mi rèé."

Obìnrin kan lẹ́yìn mi pòṣé. "Ẹ wo àgbà! Torí kóńgò ìrẹsì kan, ó sẹ́ ọmọ!"

Kò parọ́ mọ́ mi.

Nírọ̀lẹ́, Olútáyọ̀ wọlé, kò so táì mọ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ láti oṣù mẹ́ta. Ó wá gbé ọ̀rá ìrẹsì tó fi òógùn rẹ̀ gbà síwájú mi.

"Màmá, ìrẹsì ẹni tó bímọ rèé."

Ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Fọláṣadé sè é, ó sì jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò sọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Tìmílẹ́yìn lá àwo tán, ó fara tì mí. "Màmá àgbà, ẹ kọrin."

Mo bẹ̀rẹ̀ èyí ti Àjàní. Nígbà tí mo dé ibi "ẹni tó bá ní mi ò ní", mo fò ó.