Orúkọ Tí Mo Fi Okùn Dè

Láàárọ̀ yìí, kí n tó ṣí fèrèsé ilé ìtẹ̀wé wa, ó ti rẹ̀ mí. Àárẹ̀ tó ti wọ eegun, oorun kì í wò ó. Ọmọ mi obìnrin, tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, ti ṣáájú mi dé ìdí àpótí lẹ́tà òjé, ó ń tú u kiri bí adìẹ tó dé orí ààtàn.

Àgbà ló ń wá, oríṣi lẹ́tà ńlá kan tá a fi ń tẹ̀wé. Bàbá rẹ̀ ló sọ lẹ́tà náà lórúkọ yẹn: ó dúdú, ó sanra, ó ní ẹsẹ̀ kéékèèké tó fi tẹ orí ìlà bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan. Bí tádàwà ṣàn jù, tí bébà ò dára, Àgbà á ṣì hàn láti òdìkejì títì. Ọkọ mi kì í fi í tẹ ọ̀rọ̀ gígùn, ó ní ariwo ni. Orúkọ ni ká fi í tẹ̀, tàbí ìkìlọ̀, tàbí ikú.

Ọmọ mi fẹ́ fi tẹ orúkọ tirẹ̀ sórí ìwé ìpolówó. Mo ní lẹ́tà kò tó, eku ti kó o lọ. "Eku wo ló ń jẹ òjé?" ló bi mí. Ó lọ ká aṣọ kúrò lórí pákó tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ.

Ìkéde ikú bàbá rẹ̀ ló bá níbẹ̀, bí mo ṣe fi Àgbà tò ó tí mo fi okùn dè é. Òfin wa ni pé iṣẹ́ tá a bá ti tẹ̀ tán, ká tú u, kí lẹ́tà padà sínú àpótí, torí lẹ́tà iṣẹ́ àná la ó fi ṣe tọ̀la. Èmi gan-an ni mo máa ń jágbe òfin yìí mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Nígbà tó kan orúkọ ọkọ mi, ọwọ́ mi ò gbé e. Látìgbà náà, lẹ́tà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ń tan àwọn oníbàárà.

"Màmá," ọmọ mi rọra sọ ọ́, "ṣé torí Bàbá kú, orúkọ tèmi ò ní hàn ni?"

Ó dùn mí. Mo bínú sí i, torí òótọ́ ló sọ.

Mo jókòó, mo tú okùn. Tádàwà gbígbẹ ti lẹ àwọn lẹ́tà pọ̀, kẹrosíìnì ni mo fi yọ wọ́n. Mo ń dá orúkọ tí mo fi ń pe ọkọ mi padà sínú àpótí, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Omijé ń dà, mi ò lè nù ún, ọwọ́ mi dúdú.

Ó wá ku orúkọ ìdílé. Ọmọ mi nawọ́ sí i, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Má tú ìyẹn. Ìwọ náà ló ń jẹ́ ẹ."

Mo fi àwọn lẹ́tà tó padà to orúkọ rẹ̀, mo gbé ìlà náà lódindi sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì tì wọ́n pa sínú férémù irin tó ń di lẹ́tà mú. Nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ jáde, ọmọ mi lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri òdìkejì títì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo fara ti ilẹ̀kùn. Ó ṣì rẹ̀ mí. Mi ò wọ awò ojú, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ mi ni mo kọ́kọ́ rí kà.