Páálí Kékeré Inú Àpò Olùkọ́ Ma

"Ẹ bá mi mú… nǹkan yẹn wá," ni Olùkọ́ Ma Gyeong-suk wí, ó nàka sí dọ́sítà tí wọ́n fi ń nu pátákó.

"Háà, Olùkọ́!" Batbayar pàtẹ́wọ́. Ọmọ Mongolia ni, wẹ́dà níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. "Ẹni bá sọ 'nǹkan yẹn' ní kíláàsì yìí, òun ló ń ra kọfí. Ẹ̀yin lẹ ṣòfin o!"

"Ẹnu rẹ kì í yá báyìí tí mo bá bi ọ́ ní ìbéèrè."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń kà á nínú ọkàn. Ìkẹrin rèé láti ọjọ́ Ajé tí orúkọ nǹkan ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Yàrá òkè ilé ìkàwé kan ní Gunsan, ní Korea, ló ti ń kọ́ àwọn àgbà àjèjì tó ti gbọ́ èdè Korea tó láti fi nájà, tó ku ọ̀rọ̀ jíjinlẹ̀ fún. Òun fúnra rẹ̀ ló hùmọ̀ ọgbọ́n rẹ̀: káàdì tó ní àwòrán lójú kan, ọ̀rọ̀ lójú kejì, àti páálí mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí o bá rántí bọ́ sí páálí kejì, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Èyí tí o bá gbàgbé, ibi yòówù kó dé, ó padà sí àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ọ. Wọn á kàn bi ọ́ pé: kí la fi ń ṣe? Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀?

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni páálí kékeré tó ń gbé kiri nínú àpò. Nígbà tí àrùn ìgbàgbé mú ìyá Olùkọ́ Ma, orúkọ ṣíbí ló kọ́kọ́ gbàgbé. Lọ́dún kẹta, ó bi Olùkọ́ Ma, ọmọ tó bí, pé, "Ìyáàfin, ta lẹ wá kí?"

Nígbà tí àwọn yòókù lọ, Nhàn dúró. Ọmọ Vietnam ni, ilé ìtọ́jú arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó ṣe gbé àpò fún olùkọ́ rẹ̀, páálí náà já bọ́, káàdì fọ́n ká. Ìgbálẹ̀. Ìkòkò. Bọ́tìnnì.

"Ta ló ń kọ́ ìwọ̀nyí, Olùkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ wọ́n."

"Kó wọn fún mi."

"Ta ni?"

"Èmi ni."

Nhàn jókòó tì í. Ó yọ káàdì kan, ó kọ ojú àwòrán sí i: ṣíbí.

"Má sọ ọ́ fún mi," ni Olùkọ́ Ma wí.

"Mi ò ní sọ. Kí la fi ń ṣe?"

"A fi ń bu ọbẹ̀."

"Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀?"

"Igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi ń mú oúnjẹ…" Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Orúkọ ohun inú àwòrán náà kò wá.

Nhàn kò sọ ọ́. Ó dá káàdì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ páálí kékeré náà, bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Mo máa sìn yín lọ sílé ìwòsàn lọ́la."

Olùkọ́ Ma pa páálí náà dé.

"Aago mélòó?"