Dúrọ́ọ̀mù Kẹrin

Èmi ni mo fi kànìnkànìn bó bébà ara dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta kúrò. Ẹ má wá ẹlòmíràn. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni, àtàǹpàkò ọ̀tún tó bó títí èékánná fi ṣí kúrò lára rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó wá wò ó.

Àyọ̀ká ni orúkọ mi. Fùfú ni mo ń ṣe ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń gbé e lọ tà ní Ìkàrẹ́. Gbogbo àwa onífùfú la mọ òfin kan: dúrọ́ọ̀mù àlòkù tí ìkọ̀wé bá wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibi tí a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́. Oníbàárà tó bá yà sí àgbàlá rẹ, tó rí àwòrán agbárí tàbí lẹ́tà pupa lára dúrọ́ọ̀mù, kò ní í dúró kí o ṣàlàyé. Nítorí náà, bí dúrọ́ọ̀mù bá ti wọlé, ó di iyanrìn, eérú àti kànìnkànìn. A ó bó bébà náà, a ó fọ ara rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Ohun tí à ń pè ní ìmọ́tótó nìyẹn. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí bébà náà ń sọ.

Clement ló tà á fún wa. Ọmọ Ọ̀kà ni, ó pẹ́ lókè òkun, ó sì padà wálé pẹ̀lú bàtà tó ń dán ju ìwà rẹ̀ lọ. Ó háyà ilé ìlagi àtijọ́ lọ́wọ́ Bàbá Fákúnlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó ní fìríìjì àlòkù àti táyà lòun fẹ́ máa tà. Kọ̀ntéènà méjì dé. Fìríìjì wà níwájú lóòótọ́, táyà náà wà, ṣùgbọ́n ọgọ́ta dúrọ́ọ̀mù búlúù ló wà lẹ́yìn wọn, ohun dúdú kan tó ki sì kún inú wọn. Clement ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ da ti méjìlá sínú kòtò tí àwọn onílagi ń da ìyẹ̀ igi sí nígbà ayé wọn, ó sì ta àwọn òfìfo náà fún wa ní ọ̀pọ̀. Mo ra mẹ́rin. Inú mi dùn débi pé mo gbàdúrà fún un.

Mo bó ìkínní, mo bó ìkejì, mo bó ìkẹta. Kí n tó kan ìkẹrin, àtẹ́lẹwọ́ mi ti ń ta mí bí ẹni gbá iná mú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti ń bó. Mo dojú ìkẹrin dé sábẹ́ igi ọsàn, mo ní bí ọwọ́ mi bá san, màá bó o. Àwọn adìyẹ sọ ìdí rẹ̀ di àga.

Ẹ̀gẹ́ tí mo kọ́kọ́ rẹ sínú àwọn mẹ́ta náà kò rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ló tó rọ̀, òórùn rẹ̀ kò sì jọ òórùn fùfú. Mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo sè é, mo jẹ nínú rẹ̀, mo gbé ìyókù lọ sí Ìkàrẹ́, mo sì tà á. Ràódàt, olóúnjẹ kan tó ń jókòó létí ibùdókọ̀, ló ra púpọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí pé ó fọkàn tán mi.

Ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì kò rọ̀ rárá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ó ṣì le nínú omi bí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe fùfú rí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í kọ̀ báyẹn. Ohun tí kò jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ rọ̀, kí ni yóò ṣe fún ìfun ènìyàn? Ẹ̀rù bà mí. Mo da ẹ̀gẹ́ náà nù, mo kó dúrọ́ọ̀mù mẹ́ta náà pa mọ́ sẹ́yìn ilé, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ewúrẹ́ Bàbá Fákúnlé méjì mu omi tó ń jò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ilé ìlagi, tí àwọn méjèèjì sì kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà.

Bàbá Fákúnlé kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó gbé òkú ewúrẹ́ kan sẹ́yìn ọ̀kadà, ó di ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì wọn. Bí Fúnminíyì ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó kàwé jáde ní Àkùngbá, tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àyíká, tí kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni kó tó sọ òótọ́. Ó bu nínú ẹrẹ̀ kòtò náà, wọ́n gbé e lọ yẹ̀ wò, èsì sì dé pé májèlé ni, irú èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun ń náwó gọbọi kí wọ́n tó lè pa á run nílùú wọn. Ó ti hàn kedere: ó wọ́n fún wọn lọ́hùn-ún, wọ́n bá wá Clement rí.

Ó pe gbogbo wa jọ síwájú ilé ìlagi.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "àdéhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé ti fọwọ́ sí, tiwa náà sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ìdọ̀tí olóró kọjá ẹnubodè láìjẹ́ pé ìjọba ibi tó ń lọ mọ̀, tí wọ́n sì gbà. Bí wọ́n bá fi irọ́ kó o wọlé, ibi tó ti wá ló máa padà sí, àwọn tó kó o wá ló sì máa náwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n pé tiwọn ni. Nọ́ńbà tó wà lára bébà dúrọ́ọ̀mù ni ẹ̀rí wa. Clement ti ní kí wọ́n ha gbogbo ti àwọn tó ṣẹ́kù dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ra nínú àwọn òfìfo?"

Àwa márùn-ún tí a rà á wà níbẹ̀. A wo ilẹ̀. Ẹni tó bá ní òun rà á ti ní fùfú òun ní májèlé nínú, ọjà rẹ̀ sì ti kú nìyẹn. Mo ki ọwọ́ mi tó ń bó bọ abẹ́ ìró.

"Bí ẹ̀rí ò bá wá sí ńkọ́?" Bàbá Fákúnlé bèèrè.

"Bàbá, àwọn ọ̀gá kan lókè ti ń sọ pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò síbí, kí wọ́n rì gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, kí wọ́n da kankéré lé e."

"Síbí? Lókè ìsun omi wa?" Bàbá tutọ́ sílẹ̀. "Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. A ò gbọ́ ọ rí pé eérú fi ẹni tó dà á sílẹ̀, ó lọ ń tọ ará Ìwàrò."

Ìsun omi yẹn ni gbogbo àdúgbò wa ń pọn. Òun ni mo fi ń ṣe fùfú, òun ni ọmọ Iyìọlá ọmọ mi ń mu. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì tún dákẹ́, mo lọ sílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkàrẹ́. Ìjọba wa ti kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè tí a fura sí, ìyẹn ibi tí Clement gbé rí, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn náà ṣe wí, wọ́n sì rán òṣìṣẹ́ wọn kan wá, obìnrin òyìnbó kan tó ń làágùn tó sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ìlú rẹ̀. Ó ní, tí Fúnminíyì sì ń túmọ̀ rẹ̀, pé àwọn ṣetán láti kó ohun tó bá jẹ́ ti àwọn, ṣùgbọ́n kí a fi han àwọn. Mi ò bínú sí i. Bí wọ́n bá da ìdọ̀tí síwájú ilé tèmi náà pé èmi ni mo ni ín, màá bèèrè ẹ̀rí.

Clement dìde nínú agbádá. "Ẹ̀yin òbí mi, Èkó ni mo ti ra ọjà yìí. Àwọn òyìnbó ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rì í mọ́lẹ̀, kí ìlú sinmi. Èmi fúnra mi á gbẹ́ bòrèhólù fún àdúgbò náà."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n pàtẹ́wọ́! Ó fẹ́ fi májèlé kún ilẹ̀ wa, kó wá fi ẹ̀rọ fa á jáde fún wa mu, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti fi aṣọ bo dúrọ́ọ̀mù kẹrin sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo gbé e wá láti Ìwàrò, ó wà níta. Títí di ìgbà yẹn, mi ò tíì mọ̀ bóyá màá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ni tàbí màá gbé e padà sílé. Mo jáde, èmi àti oníkẹ̀kẹ́ gbé e wọlé, mo gbé e kalẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, mo ká aṣọ kúrò. Ìgbẹ́ adìyẹ wà nídìí rẹ̀. Bébà rẹ̀ wà lára rẹ̀ digbí.

"Àyọ̀ká lorúkọ mi," mo ní. "Mo ra mẹ́rin lọ́wọ́ Clement. Mo bó bébà mẹ́ta dànù, mo fi wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́, mo ṣe fùfú, mo sì tà á nínú ìlú Ìkàrẹ́ yìí. Èyí ni ìkẹrin."

Ariwo ta. Ràódàt wà láàárín àwọn olóúnjẹ tí wọ́n pè wá síbẹ̀. Ó dìde.

"Ìyá Iyìọlá, o gbé e fún mi?"

"Mo gbé e fún ọ. Èmi náà jẹ ẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn. Nígbà tí mo wá mọ̀, mo dákẹ́. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Ó wò mí, ó sì jókòó. Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.

Clement ní, "Ẹ má dá màmá yìí lóhùn, ara ẹ̀ ò yá."

"Ara mi ò yá lóòótọ́," mo ní, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sókè kí gbogbo ilé rí i. "Ìwọ lo tà á fún mi. Mo tún gbàdúrà fún ọ lọ́jọ́ náà. Mo gba àdúrà mi padà. Jókòó!"

Ó jókòó. Obìnrin òyìnbó náà wọ ìbọ̀wọ́, ó kúnlẹ̀ ti dúrọ́ọ̀mù, ó ya nọ́ńbà náà ní fọ́tò, ó sì pe ìlú rẹ̀ lórí fóònù. Wọ́n yẹ nọ́ńbà náà wò nínú ìwé wọn lọ́hùn-ún, ó sì dìde. "Tiwa ni," ó ní. Fúnminíyì túmọ̀ rẹ̀, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó tún un sọ.

Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi kọ̀wé síra wọn. Clement ń lọ sí kóòtù, èmi ń lọ sí ọsibítù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ èmi àti Ràódàt wò, wọ́n ní ká ṣì máa padà wá. Fùfú tí mo bá gbé lọ sí Ìkàrẹ́, èmi náà ni mo ń gbé e bọ̀. Bí àwọn oníbàárà mi àtijọ́ bá rí mi, wọ́n á gba òdìkejì títì. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó dùn mí, ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ tí tírélà dé, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ kó gbogbo dúrọ́ọ̀mù tó kún, wọ́n kó ẹrẹ̀ kòtò, wọ́n gbé ìkẹrin. Nígbà tó kan mẹ́ta tèmi, ọ̀gá wọn mirí.

"Màmá, àwọn yìí ò sí nínú ìwé. Àwọn tó kún, ohun inú wọn bá èyí tó lẹ̀ mọ́ inú ìkẹrin mu. Ẹ ti fọ tiyín mọ́ jù, kò sóhun tí a lè yẹ̀ wò."

Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà wo ni wọ́n ti ń bú onífùfú pé ó mọ́ jù? Mo lọ jókòó sílẹ̀ níwájú tírélà. Bàbá Fákúnlé gbé àpótí rẹ̀ wá, ó jókòó tì mí. Dírẹ́bà fọn fèrè títí, ó sú u.

"Ẹ tẹ̀ wá mọ́lẹ̀," mo ní. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mẹ́ta yìí ń lọ."

Fúnminíyì pe obìnrin òyìnbó náà lórí fóònù. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì yíjú sí mi. "Màmá, ó ní ta ló lè jẹ́rìí pé inú ẹrù kan náà ni wọ́n ti wá? Kí ẹni náà kọ orúkọ ẹ̀ sára wọn, ká yà wọ́n ní fọ́tò. Òun á fi wọ́n kún ìwé."

Mo ní kí wọ́n bá mi wá ọ̀dà funfun. Ọwọ́ ọ̀tún tí kò ní èékánná yẹn ni mo fi mú búrọ́ọ̀ṣì. Bí mo ṣe ń kọ ìkejì, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rin yòókù ló ń bọ̀, wọ́n ń yí dúrọ́ọ̀mù tiwọn bọ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ẹni tó ṣáájú wọn kò kí mi. Ó kàn na ọwọ́.

"Bí o bá kọ tìrẹ tán, gbé ọ̀dà náà fún mi."

Mo kọ tèmi tán kí n tó gbé e fún un. ÀYỌ̀KÁ, ONÍFÙFÚ, ÌWÀRÒ-Ọ̀KÀ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́, gàdàgbà gàdàgbà. Ẹni tó bá láyà lọ́hùn-ún kó mú kànìnkànìn, kó wá bó o.