Méjì-Méjì Láti Inú Agolo Abẹ́rẹ́

Ìyá Aránṣọ kì í ṣe ahun. Bí oníbàárà bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kíá ló ti yọ kápúsù méjì fún un láti inú agolo abẹ́rẹ́. Bí ara bá ń ro òun náà, á gbé méjì mì. Ta ní ń jẹ́ ilé ìwòsàn?

Àfìgbà tí abẹ́rẹ́ gún un níka, tí ìka wú, tó ń ṣọyún, tí oògùn dókítà kò sì ràn án.

Dókítà ní, “Mà, kápúsù méjì-méjì yín ti pa àwọn kòkòrò tó rọ̀ nínú ara yín, ó wá ṣẹ́ku àwọn olóríkunkun. Àwọn yẹn ló fún àwọn kòkòrò inú ìka yín ní ẹ̀dà ọgbọ́n tí wọ́n fi ń borí oògùn. Wọn kì í ṣe ìran kan náà o, wọ́n kàn fara kanra ni.”

Ìyá Aránṣọ pòṣé. “Ẹni tí kò bá wọn tan ni wọ́n ń há nǹkan fún? Kòkòrò aláìnírònú!”

Bí dókítà ṣe fẹ́ fèsì, ikọ́ gbé e.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi.” Ìyá Aránṣọ ti fi ọwọ́ tó yá yọ agolo abẹ́rẹ́ láti inú àpò rẹ̀, ó ti ṣí i. “Gba méjì.”