Agboòrùn Bàbá Jọláadé

Abẹ́ní, ìyá Jọláadé, tí ilé rẹ̀ kọjú sí òkè ní Ṣakí, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. A jọ ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ ni ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo lá àlá kan mọ́júmọ́ òní, àlá náà sì ti da símẹ́ńtì sí iwájú ilé mi."

Kí ẹ tó gbọ́ àlá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti ojú ayé. Ọláníyan, ọkọ Abẹ́ní, wa lọ́rì títí irun rẹ̀ fi funfun. Bó bá sùn nílé lónìí, tó bá di ọ̀la, ẹnu ọ̀nà Màídúgùrì lẹ ó ti gbúròó rẹ̀. Nígbà tó ta lọ́rì tó fẹ̀yìn tì, Abẹ́ní ra agboòrùn ńlá kan fún un, irú èyí tí àwọn tó ń ta káàdì fóònù máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó rì í sínú garawa ọ̀dà tó kún fún yanrìn, ó sì gbé àga ọkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ níwájú ilé. Ọláníyan fẹ́ràn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí afẹ́fẹ́ òkè bá ti fẹ́, agboòrùn a ṣubú yakata, a sì máa yí gbiri lọ sí títì.

Ọláníyan a rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà ló ń pe òun náà. Lọ́jọ́ tó bá lọ tí kò bọ̀, èmi náà á tẹ̀lé e."

Ẹ̀fẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n táyà kan ṣẹ́kù lára lọ́rì náà tí kò tà. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló fi í sí, a sì máa nù ún bí ẹni ń nu ara ọmọ. Abẹ́ní a wo táyà, a wo ọkọ, a sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Àlá náà nìyí. Abẹ́ní jáde síwájú ilé, ó bá agboòrùn níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ibo lò ń lọ?"

"Jọ́ọ̀sì," ni agboòrùn wí. "Wọ́n ní ibẹ̀ tutù."

"O ò tíì jẹun."

"Màá jẹ lọ́nà."

Ọ̀rọ̀ náà kò ya Abẹ́ní lẹ́nu. Bí ọkọ rẹ̀ náà ṣe máa ń wí gan-an nìyẹn. Ó wé gèlè, ó gba ọ́fíìsì afẹ́fẹ́ lọ, kí wọ́n bá òun dá agboòrùn dúró.

Ọ́fíìsì náà ń léfòó lókè igi máńgòrò. Okùn ẹran ni wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀ kó má baà ṣí lọ. Abẹ́ní fà á wálẹ̀, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Ọ̀gá kan tó dé fìlà jókòó sídìí tábìlì, ó mú òǹtẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Agboòrùn mi ni. Bó ti ń bọ̀ ló ń lọ."

"Àbíkú nìyẹn, màmá. Orúkọ lẹ ó fi dá a dúró. Bí orúkọ bá ti bá a mu, màá tẹ òǹtẹ̀."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni ìwo lu fìlà rẹ̀ jáde, irùngbọ̀n rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ó di òbúkọ. Abẹ́ní ò bá a wí. Iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ó tú èèpo iṣu ní etí ìró rẹ̀, ó fi í síwájú ọ̀gá. Ọ̀gá dúpẹ́, ó ń run ún lẹ́nu.

Wọ́n gbé agboòrùn wọlé. Abẹ́ní fi oyin àti iyọ̀ kàn án lọ́pàá.

"Málọmọ́ ni mo sọ ọ́."

Òbúkọ mi orí. "A ti sọ agboòrùn kan bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó ti dé Kútọnu báyìí."

"Dúrójayé ńkọ́?"

Agboòrùn fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Màmá, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ràn yín. Àmọ́ ẹsẹ̀ mi fúyẹ́."

Abẹ́ní wẹ̀yìn, ó rí táyà lọ́rì lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì.

"Ẹ má wojú mi o," ni táyà wí. "Ọ̀nà lèmi ń dúró dè. Ẹni tó ni mí kò tíì sọ pé ká jókòó."

"Ṣé ẹ ti ní kó jókòó rí?" ni òbúkọ béèrè.

"Ta ni, sà?"

"Ọkọ yín."

Abẹ́ní ronú. Ó ti se ọbẹ̀ fún un. Ó ti ra agboòrùn fún un. Kò fẹnu sọ ọ́ rí.

Ibẹ̀ ni okùn já. Afẹ́fẹ́ gbé agboòrùn jáde láti ojú fèrèsé, Ọláníyan sì rèé lábẹ́ rẹ̀ lórí àga, ó di ọ̀pá mú, pákò lẹ́nu, ó ń juwọ́ bó ṣe máa ń juwọ́ láti inú lọ́rì.

"Bàbá Jọláadé! Ẹ dúró!"

"Bàbá Jọláadé pọ̀ ní Ṣakí," ni òbúkọ wí. "Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é ni afẹ́fẹ́ mọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé aya kì í la orúkọ mọ́ ọkọ lórí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wẹsẹ̀ Abẹ́ní wọlé ọkọ, orúkọ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó di etí ara rẹ̀ méjèèjì kó má baà gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ, ó sì figbe ta:

"Ọláníyan! Má lọ mọ́!"

Igbe náà ló jí i. Ilẹ̀ ti mọ́. Kò sí ọkọ rẹ̀ lórí ibùsùn. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kò sí táyà. Ó sáré jáde láìwọ bàtà.

Ọláníyan ló bá níwájú ilé, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ṣọ́bìrì lọ́wọ́. Ó ti tẹ́ táyà lọ́rì sílẹ̀ gbalaja, ó gbé agboòrùn dúró láàárín rẹ̀, ó sì ń da kọnkéré sí i.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Jọláadé," ni Abẹ́ní wí. Kò lè gbójú sókè.

"Ta ló pe orúkọ mi láàárọ̀ kùtù? Mo rò pé màmá mi ló jí dìde."

"Àlá ni. Ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Ta ni wọ́n á pè báyẹn tí kò ní dúró? Wá bá mi di ọ̀pá yìí mú, kó má wọ́."

Abẹ́ní di ọ̀pá mú. Wọn kò tíì tẹ́ ojú kọnkéré náà tán nígbà tí òbúkọ ará ilé kejì yọ láti ẹ̀yìn ọgbà. Ó wò wọ́n, ó gbọn irùngbọ̀n, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan tẹ ojú kọnkéré tútù náà, gìdì bí òǹtẹ̀.

"Hẹ̀ẹ́! Ẹran yìí!" ni Ọláníyan kígbe.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni Abẹ́ní wí. Ó yíjú sí òbúkọ, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà."

Òbúkọ gba etí títì lọ, kò wẹ̀yìn.